Ọkùnrin tó ń fọwọ́ pa ọkọ̀ mi ní Apakun

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, díẹ̀ ló kù kí n bú ẹni ẹlẹ́ni lónìí!

Mo páàkì sí Apakun kí n ra omi. Bí mo ṣe yíjú padà, ọkùnrin kan ti ń fọwọ́ pa ọkọ̀ mi. Tòkúnbọ̀ ni lóòótọ́, oníjòkòó méjì tí òrùlé irin ẹ̀ máa ń ká sínú bùútù, àmọ́ bí ọmọ ni mo ṣe ń tọ́jú ẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń wá níbẹ̀?"

"Ẹ má bínú, àǹtí. Èmi ni mo ni ín tẹ́lẹ̀. Ibi tó ti ha yìí, géètì ilé wa ni. Ìgbà tí ìyàwó mi ń ṣàìsàn ni mo tà á."

Ẹ̀rù bà mí láti béèrè ìyàwó náà.

"Òun ló dúró lọ́hùn-ún yẹn. Ara ẹ̀ ti yá."

Mo ní kí ìyàwó náà wọnú ọkọ̀. Mo ṣí òrùlé. Ó gbójú sókè, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Mo gbé e délé wọn ní Mafoluku, ọkọ ẹ̀ wọ kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé wa, ó ń juwọ́ sí i.

Láti ìgbà tí mo ti délé ló ti ń ṣe mí bíi kí n tà á padà fún wọn. Mo sì fẹ́ràn ọkọ̀ yìí gan-an.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o.