Roheem Rí Òkú Ìràwọ̀, A Ò Rí Sàréè Roheem

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Roheem ọmọ mi kú. Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, a ti sin ín sí ìtẹ́ òkú abúlé wa, lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà. Èmi ni mo gbé aṣọ funfun tí wọ́n fi dì í wá. Mo kàn ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ ni.

Pírámárì kẹta ni mo kà dé. Síbẹ̀ ilé mẹ́rin ni mo fi kòkó kọ́, n kò tọrọ búlọ́ọ̀kù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ní iṣẹ́ Roheem yé mi, ẹ gbà bẹ́ẹ̀.

Ìràwọ̀ a máa kú, á bú gbàmù, èéfín òkú rẹ̀ á sì máa tàn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Roheem, ní yunifásítì, ló ń wá irú èéfín bẹ́ẹ̀ nínú àwòrán agbo ìràwọ̀ mìíràn, èyí tó jìnnà débi pé ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ti gbéra kí ẹnikẹ́ni tó kọ ebè láyé. Mo bi í bó ṣe ń dá òkú mọ̀ láàárín àwọn alààyè.

“Bàbá, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé táyà ló ń jó lọ́ọ̀ọ́kán, pé kì í ṣe igbó?”

“Àwọ̀ èéfín ni.”

“Òun náà ni, Bàbá.”

Mo ní mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Mọ́kànlélógójì ló rí. Ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí wọ́n má baà sọnù.

Òun ńkọ́? Hasanat, ìyàwó rẹ̀, gbin pérégún sí ìgbèrí sàréè rẹ̀ kó lè jẹ́ àmì. Ọdún kò yí po tí Ìgbìmọ̀ Ìmọ́tótó abúlé fi wá ro ibẹ̀. Wọ́n rí pérégún, wọ́n ní ajagungbalẹ̀ ló ń pa ààlà sórí ilẹ̀ ìlú. Ààlà! Láàárín òkú! Wọ́n hú u, wọ́n fi katakata tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ, wọ́n sì kí ara wọn kú iṣẹ́.

Kifayah ọmọ Roheem dé láti Kàdúná. “Bàbá, ibo ni kí n dúró sí ṣe àdúà?” Mo mú un lọ bá ìgbìmọ̀, kó bi wọ́n.

Mùtíù, alága ìgbìmọ̀, ló dáhùn: “Ẹ má bínú, Bàbá. Kó ṣe é níbikíbi. Ọlọ́run mọ ibi tó wà.”

Ọlọ́run mọ̀, Mùtíù. Ṣé Ọlọ́run ló wa katakata ni?

Ẹ̀yin mẹ́fà nínú ìgbìmọ̀ lẹ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun, kí ẹ̀yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wá fi ẹsẹ̀ ara yín dúró níbi tí ẹ ti hú pérégún yẹn. Hasanat á mú tuntun lọ́wọ́. Mo ti gbé àga mi lọ síbẹ̀. Ẹni tí kò bá rántí ibẹ̀, kó sọ ọ́ lójú Kifayah. Òkú mọ́kànlélógójì ni bàbá rẹ̀ ṣọ́ lọ́run, kò sọ ọ̀kan nù. Ọ̀kan ṣoṣo la fi ṣọ́ yín.