Ọkọ̀ Àyálò

Òórùn ọ̀rá orí ìjókòó ọkọ̀ tuntun ọmọ mi ló mú mi rántí ọ̀sán kan ní Ọ̀wọ̀. Iléeṣẹ́ tó ta ọkọ̀ fún Bàbá mi ti gbà á padà láti tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n yá a ní òmíràn tí ọ̀rá ṣì wà lórí ìjókòó rẹ̀. Ìyá mi ti dín ẹja tí a ó gbé lọ fún ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn ní Ìdóàní, níbi tí a ti fẹ́ ṣọdún Kérésì.

"Wọ́n ní ọkọ̀ àyálò kò gbọdọ̀ jáde nílùú," Bàbá wí.

"Bàbá Títí, ìyá mi ń retí wa."

"Ṣé èmi ni mo ní kí ẹ́ńjìnnì máa hó bí ìkòkò ẹ̀wà?"

Ó wakọ̀ jáde. Nígbà tó dé nírọ̀lẹ́, mo fọ eruku pupa ara ọkọ̀ náà. Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé Ìpele, ìlú tó wà lójú ọ̀nà Ìdóàní, ló lọ, nílé obìnrin tó padà fi ṣe ìyàwó kejì. Ìyá àgbà kú kí wọ́n tó dá ọkọ̀ wa padà.