Ewé Tí Iyọ̀ Ò Lè Pa

Mo gbé ewé òkun láti etíkun Èkó wá sílé wa ní Kúdẹtì, nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà kan, nítorí iṣẹ́ ìwádìí mi ní yunifásítì. Àwọn ará ilé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo lọ Èkó, ẹ̀fọ́ tí kò ṣeé jẹ ni mo gbé bọ̀. Yàrá ni mo gbé e sí, mo sì ń fi iyọ̀ kún omi rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí n lè rí bí yóò ṣe fara dà á.

Ìyá mi, tí í ṣe ọmọ ìjọ Aládùúrà, wá dúró tì mí lọ́jọ́ kan. Dókítà ti ní kí wọ́n má fẹnu kan iyọ̀ mọ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n bi mí bóyá iyọ̀ yìí kò ní pa ewé náà.

"Kò lè pa á, Màámi. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ara rẹ̀, ló ní awọ fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n fi ọ̀rá ṣe. Tí iyọ̀ bá ti pọ̀, á pààrọ̀ irú ọ̀rá tó wà níbẹ̀ kí awọ náà lè gbà á. Iyọ̀ tó bá sì ráyè wọlé, á tì í síta padà."

"Ọlọ́run tóbi," ni wọ́n wí. Wọ́n tẹjú mọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì náà pẹ́ títí, n kò sì fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń wò ó.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, omi náà ń fà, mo sì di ẹ̀bi ru ọyẹ́. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ kì í gbé iyọ̀ lọ. Omi nìkan ló ń gbẹ, ìyókù á sì máa níyọ̀ sí i. Mo wọn omi náà, iyọ̀ rẹ̀ kò lé rárá. Ẹnìkan ló ń bu ú, tomi tiyọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni sálúbàtà tí ìyá mi fi ń lọ Ọjà'ba kò gba ẹsẹ̀ wọn mọ́.

Mo bá wọn lórí ìkúnlẹ̀ nídìí bọ́kẹ́ẹ̀tì lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ife lọ́wọ́ wọn. Inú bí mi gidi.

"Màámi, kí lẹ ń mu?"

"Wọ́n ti bá mi gbàdúrà sí i ní ìjọ wa l'Ókè Padre. Omi tí iyọ̀ ò ti rí ewé gbé ṣe, ara tèmi náà á kọ́ bó ṣe ń ti iyọ̀ síta níbẹ̀."

"Ara èèyàn ò mọ̀ ọ́n ṣe, Màámi."

Mo fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ẹsẹ̀ wọn. Ojú ibẹ̀ jìn wọlé, kò sì padà. Nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ewé náà tutù yọ̀yọ̀.

Ìyá mi na ife sí mi. "Bá mi bu díẹ̀ sí i," ni wọ́n wí. "Òùngbẹ ṣì ń gbẹ mí."