Èdè Òyìnbó Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kọ fún Òkú Ìyá Láńlọ́ọ̀dù

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí a ń gbé yàrá kan l'Ẹ́gbẹ́dá, kò sí ẹni tó gbọ́ òyìnbó tó ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ládùúgbò wa. Ó há àwọn àkànlò èdè òyìnbó sórí bí ẹni há sáàmù, nítorí ìdánwò àṣekágbá. Ẹni tó ń wáṣẹ́, ẹni tó ń wáyàwó, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ lẹ́tà. Èmi sì ń fi í yangàn kiri.

Ìyá láńlọ́ọ̀dù wa wáá kú. Láńlọ́ọ̀dù ní kí ẹ̀gbọ́n mi kọ ìtàn ìgbésí ayé màmá lóyìnbó, èyí tí wọn yóò kà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kọ ọ́, ó dáa lójú gbogbo wa. Àfi bí ìsìnkú ṣe ku ọ̀la tí ẹ̀gbọ́n mi sáré dé láti iléèwé. Ó ti kọ ọ́ pé màmá "kicked the bucket". Tíṣà wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé pé ikú ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ni, bí ìgbà téèyàn bá ní àgbàlagbà gbẹ́mìí mì. Ẹ gbà mí, ẹ̀yin ọmọ! Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa àgbà? Wọ́n sì ti tẹ ìtàn náà sínú ìwé ètò ìsìnkú.

Ìyá mi káwọ́ lérí. "Wọ́n á lé wa jáde nílé yìí."

Bàbá mi fa ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́, gbogbo wa tẹ̀lé wọn lọ bá láńlọ́ọ̀dù àtàwọn àbúrò rẹ̀ níwájú ilé. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, ó sì jẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò náà fò dìde: "Ìyá wa lẹ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́? Ẹ kẹ́rù yín, jàre!"

Láńlọ́ọ̀dù ní kí àbúrò rẹ̀ jókòó. Ó bi ẹ̀gbọ́n mi pé: "Tó bá jẹ́ Yorùbá ni, báwo lo ṣe máa sọ ọ́?"

"Ẹ má bínú, sà. Màá ní màmá ti re ibi àgbà ń rè."

Láńlọ́ọ̀dù bú sẹ́kún. Látìgbà tí màmá ti kú, a ò tíì rí omi lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pa ìwé òyìnbó náà tì, ẹ̀gbọ́n mi sì fi Yorùbá sọ ìtàn màmá ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Fóònù ló ń bá yín kọ ọ̀rọ̀ ìdárò báyìí. Òyìnbó ibẹ̀ dán, kò ní àṣìṣe kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ mi kú, mo ka gbogbo èyí tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, n ò rí ọ̀kan tó pa mí lẹ́kún.