Ṣíbí Kẹta ní Ṣọ́ọ̀bù Pyo Geum-rye

Oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni mo kọ́kọ́ rí Pyo Geum-rye, ní ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n gbé mi wá sí Gunsan láti máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìkọ̀wé àtijọ́. Ooru mú lọ́jọ́ náà débi pé ọ̀dà ojú títì ń lẹ̀ mọ́ bàtà. Tíṣà Bang, tí àga rẹ̀ kọjú sí tèmi ní yàrá àwọn olùkọ́, mú mi lọ jẹun ọ̀sán ní búkà Ọ̀gbẹ́ni Eom, níbi tí wọ́n ti ń bu ọbẹ̀ èéhù ẹ̀wà gbígbóná lé ìrẹsì lórí. Nígbà tí a jẹ ẹ́ tán, òógùn ti bò wá. Bang ní kò sẹ́ni tó ń jẹ oúnjẹ Eom tí kì í sọdá títì lọ fi nǹkan tútù paná rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù tí a sọdá sí kò ju tábìlì mẹ́rin lọ. Nǹkan méjì péré ni wọ́n ń tà níbẹ̀: ẹ̀wà pupa dídùn lórí yìnyín fífá nígbà ooru, ẹ̀kọ ẹ̀wà pupa gbígbóná nígbà òtútù. Obìnrin kan tó wọ épírọ́ọ̀nù funfun gbé abọ́ ńlá kan wá sáàárín wa. Abọ́ kan náà ni gbogbo ẹni tó bá jókòó pọ̀ máa ń jẹ. Ṣíbí nìkan ni olúkúlùkù ń gbà. Ó fi ṣíbí kan síwájú Bang, ó fi ọ̀kan síwájú mi. Ó wá fi ẹ̀kẹta síwájú àga òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó sì tún un tò kó lè tọ́.

"Àǹtí," ni mo wí, "àwa méjì la wá o."

"Mo rí yín," ló fi dá mi lóhùn. Kò mú ṣíbí náà. Ó padà sídìí ìkòkò rẹ̀.

Bang ta mí nípàá lábẹ́ tábìlì. "Jẹun ẹ, jàre. Ó ń yọ́."

Eom ló là á yé mi lọ́jọ́ kejì, bó ti ń nu tábìlì. Orí Eom pá, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi.

"Ṣé ẹ ẹ̀ tíì gbọ́ ni? Gil-man, ọkọ ẹ̀, ló ni ṣíbí yẹn. Ó bá ọkọ̀ apẹja lọ lóṣù kẹwàá ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, àwọn méje. Ọkọ̀ ò padà. Wọn ò rí òkú, wọn ò rí pákó. Àwọn mẹ́fà yòókù, ará ilé wọn ti ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún wọn lọ́dọọdún bó ṣe yẹ kéèyàn ṣe fún òkú. Gil-man nìkan ni wọn ò tíì ṣe tiẹ̀."

"Ó gbà pé ó ṣì wà láàyè?"

"Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ṣíbí ẹ̀ ló ń gbé kalẹ̀. Ẹ jẹun, ọbẹ̀ yín ń tutù."

Bó ṣe di àṣà mi nìyẹn: ọbẹ̀ lọ́dọ̀ Eom, lẹ́yìn náà kí n sọdá. Bí mo bá dá lọ, ṣíbí méjì ló ń gbé wá. Àwọn àlejò tí kò mọ ìtàn náà máa ń rojọ́. Mo gbọ́ tí ọkùnrin kan láti Seoul ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ níwájú ìyàwó rẹ̀. "Àǹtí, ṣé ẹ ò mọ ìṣírò ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Geum-rye wí. "Ẹ̀yin lẹ ò mọ iye yín."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mo rí i tó rọra fa àga rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ̀mí òkú kì í kọjá ibi tí ẹ̀wà pupa bá wà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bu ẹ̀kọ ẹ̀wà sẹ́nu ọ̀nà ní ọjọ́ tí òru gùn jù lọ nínú ọdún; ìdí nìyẹn tí ẹ̀wà pupa kì í fi í sí nínú oúnjẹ tí a bá tẹ́ fún òkú. Síbẹ̀ n kò ronú dé ibi tí Geum-rye ronú dé, àfi ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí yìnyín dí títì pa, tí kò sí oníbàárà kankan lẹ́yìn mi.

"Tíṣà, ṣé ẹ mọ ìdí tí mo fi ń ta ẹ̀wà?"

"Mo rò pé ẹ fẹ́ràn ẹ̀ ni."

"Èmi? Gil-man ni. Nígbà tó ń fẹ́ mi, ilé búrẹ́dì tó wà nítòsí ibùdó rélùwéè ló máa ń mú mi lọ. Á ní òun fi gbogbo ẹ̀wà orí yìnyín sílẹ̀ fún mi. Bí mo bá yíjú báyìí, ó ti kó o jẹ." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìyẹn nìkan kọ́ ṣá. Tó bá ti di òkú, kò lè wọ ibí. Tó bá wọlé, á jẹ́ pé ààyè ni. Mi ò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́."

Mo wo ilẹ̀kùn. Òun náà wò ó. Láti ọjọ́ yẹn, bí agogo kékeré orí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá dún, n kò lè ṣe kí n má gbójú sókè.

Ọdún méjìlá kọjá báyìí. Òkè ṣọ́ọ̀bù náà ni òun àti ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Nam, ń gbé. Ní ọdún 2013, Ìyá Nam ti pé ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún, kì í sì í sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn àjọ̀dún ìkórè, mo ń mu ẹ̀kọ mi lọ́wọ́, mo gbọ́ tí nǹkan ń wọ́ bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ìyá náà ni; ìdí ló fi ń sọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Geum-rye, mo lálàá ọmọ mi. Ó dúró lódìkejì títì, níwájú búkà Eom, omi ń kán lára aṣọ ẹ̀. Mo ní kó wọlé. Ó ní òun ò lè sọdá."

"Àlá ni, Ìyá."

"Mo mọ̀ pé àlá ni, mi ò tíì ya wèrè! Ọdún méjìlélógún. Ebi ń pa ọmọ mi, ìwọ lọ fi ẹ̀wà dínà mọ́ ọn. Ohun tó fẹ́ràn jù láyé lo fi ń lé e."

"Tó bá wà láàyè ńkọ́?"

"Tó bá wà láàyè, tí kò kọ lẹ́tà kan sí ìyá ẹ̀ látọjọ́ yìí, kó má jẹun mọ́! Kó kú síbi tó wà!" Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ bà á, ó fọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ọmọ mi, mo ti ń lọ. Tí mo bá débẹ̀, tó bi mí pé, 'Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò fún mi lóúnjẹ?', kí ni kí n sọ fún un?"

Geum-rye pa iná abẹ́ ìkòkò rẹ̀.

Ẹni tí a kò bá mọ ọjọ́ ikú rẹ̀, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹsàn-án tí a fi òṣùpá kà la máa ń bọ́ ọ. Lọ́dún náà, ọjọ́ Àìkú ló bọ́ sí. Ní ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, Geum-rye pè mí.

"Tíṣà, ọwọ́ yín lẹ́wà. Ẹ bá mi kọ ìwé ẹ̀."

Pélébé ìwé funfun ni ìwé yìí, tí a ń lẹ̀ síbi tí òkú yóò jókòó sí. Lẹ́tà mẹ́jọ ni fún ọkọ, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Méjì tó kẹ́yìn ló ń sọ pé ìjókòó ẹ̀mí ni. Mo lọ tàdáwà, mo kọ mẹ́fà. Mo tún ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú tàdáwà, Geum-rye sì di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Ẹ dúró ná. Tí ẹ bá kọ méjì yẹn, ó ti kú nìyẹn."

A fi ìwé náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìparí.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni mo dé. Ó ti wọ aṣọ funfun, ó dúró nílé ìdáná, ojú rẹ̀ ti ṣú. Ó nawọ́ sí abọ́ ńlá kan lábẹ́ ẹ̀rọ omi. Ẹ̀wà pupa ló kún inú rẹ̀, ó ti wú.

"Mo kó gbogbo ẹ̀wà ilé lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi lánàá," ló wí. "Mo gbálẹ̀, mo fọ ẹnu ọ̀nà. Èyí tó kù nínú agolo, ọwọ́ mi ló rẹ ẹ́. Mi ò mọ̀gbà tó ṣe é, Tíṣà."

Ọwọ́ tó ti ń rẹ ẹ̀wà ní alaalẹ́ fún ogún ọdún, kò dúró béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ yẹn?" ni Ìyá Nam ké láti òkè.

"Kò sí nǹkan kan, Ìyá!" Ó yíjú sí mi. "Ẹ bá mi gbé e jáde. Ibi yòówù kó jẹ́."

Mo gbé abọ́ náà mọ́ àyà, mo sọdá títì. Eom ń bu ọbẹ̀ fún àwọn oníbàárà àárọ̀.

"Tíṣà! Ṣé wọ́n ti lé yín níléèwé ni, tẹ́ ẹ fi ń kiri ẹ̀wà?"

"Ẹ bá wa tọ́jú ẹ̀ di ọ̀sán."

"Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn níta yẹn. Ọwọ́ mi dí."

Mo gbé e síbẹ̀, mo sáré padà. Inú mi dùn pé mo ti tún nǹkan ṣe. Geum-rye ti gbé ìwé náà sórí tábìlì, ó sì ti ṣí ìkòkò tàdáwà. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́." Mo kọ méjì tó kù.

A to tábìlì mọ́ra, a lẹ ìwé mọ́ ògiri, a ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu sí ojú títì. Ìrẹsì funfun wà níbẹ̀, ọbẹ̀ ẹran, ẹja yíyan kan lódindi, èso. Geum-rye rọ ọtí, ó wólẹ̀. Ìyá Nam jókòó lórí àga, nítorí ìyá kì í wólẹ̀ fún ọmọ. Lẹ́yìn náà ni Geum-rye mú ṣíbí láti inú àpò épírọ́ọ̀nù tó gbé kọ́ ògiri. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣíbí kẹta ni. Ó fi gún àárín ìrẹsì, ó nà ró gangan. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ ilé ìdáná, a sì pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé, kí òkú lè dá jẹun fún ìwọ̀n òkèlè mẹ́sàn-án.

Mo ń kà á lọ́kàn. Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta. Ibi òkèlè kẹrin ni àlá Ìyá Nam padà sí mi lọ́kàn. Níwájú búkà Eom ni Gil-man dúró sí. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn náà gan-an ni mo gbé ẹ̀wà sí.

N kò lè jáde. A kì í dí òkú lọ́wọ́ nídìí oúnjẹ. Mo tẹ́tí sílẹ̀. N kò gbọ́ ẹsẹ̀, n kò gbọ́ abọ́. Agogo orí ilẹ̀kùn kò dún.

Ìyá Nam wúkọ́ nígbà mẹ́ta, a sì ṣí ilẹ̀kùn. Ìrẹsì kò rú èéfín mọ́. Ṣíbí dúró bó ṣe wà.

"Ó jẹ ẹja náà," ni Ìyá Nam wí, ojú rẹ̀ ń tàn. "Ẹ wò ó, ó fi orí sílẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe."

Lójú tèmi, ẹja náà wà lódindi.

Geum-rye kò wo ẹja. Èmi ló ń wò. "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kọ ìjókòó ẹ̀. Ṣé ó jókòó?"

"Ó jókòó," ni mo wí.

Ó gbé orí lé tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọbẹ̀ náà, ó sì sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n.

A dáná sun ìwé náà, mo sì sọdá. Abọ́ ẹ̀wà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Ṣé ibí ló wà látàárọ̀?" ni mo bi Eom.

"Ibo lẹ fẹ́ kó lọ? Ṣé ó lẹ́sẹ̀ ni?"

Mo gbé e lọ sẹ́yìn ilé. N kò sọ fún Eom, n kò sì sọ fún Geum-rye.

Ní ọjọ́ Ajé, èmi àti Bang lọ mu ẹ̀kọ. Ṣíbí méjì ló gbé wá. Bang wo tábìlì, ó wò mí, kò sì rántí jẹun. Ìyá Nam kú nínú oṣù Kejìlá ọdún yẹn, lójú oorun. Geum-rye sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ẹja yẹn ló ń sọ títí di alẹ́ tó kẹ́yìn.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, àmọ́ mo ṣì ń lọ. Bí mo bá dá lọ, ṣíbí kan ló ń gbé wá. Mo máa ń kẹ̀yìn sí fèrèsé. Bí òjò bá ń rọ̀, mo máa ń yíjú, nítorí ẹnì kan máa ń wà níwájú búkà Eom tí omi ń kán lára aṣọ rẹ̀. Mo ti dìde lọ wò ó lọ́pọ̀ ìgbà. Títí di báyìí, ẹni tó ń dúró de àga nínú búkà ni.

Pyo Geum-rye pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin nínú oṣù Kẹta ọdún yìí. Òun nìkan ló ń gbé lókè ṣọ́ọ̀bù náà. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ló ń ṣí, ọjọ́ kan péré ló sì ń tì í lọ́dún.