Ibi Tí Mo Gbé Àpótí Sí

"Ṣé ó ti wọ àárín?" ni ìyá ìyá mi bi mí. Èéfín igi ń ta mí lójú, ọyẹ́ sì ń já mi lẹ́sẹ̀ bí èèrà.

"Ó ti wọ̀ ọ́, Ìyá."

Òkúta gíga méjì ló wà lẹ́yìn ilé wa ní Koko. Àwọn tó tẹ abúlé dó ló rì wọ́n mọ́lẹ̀. Nígbà ọyẹ́, oòrùn a máa yọ sápá ọ̀tún díẹ̀díẹ̀ láràárọ̀. Ọjọ́ tó bá yọ láàárín òkúta méjèèjì, ó ti fẹ́ padà sápá òsì nìyẹn. Ìyá ló ń ṣọ́ ọ. Ojú kan ṣoṣo ló ń gbé àpótí rẹ̀ sí, tí ilẹ̀ ibẹ̀ fi di kòtò. Lọ́dún yẹn ojú rẹ̀ ti fọ́, èmi ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án ni mo sì ń bá a wò ó.

Òtútù ni mo sá fún láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo sún àpótí sọ́wọ́ ọ̀tún, lẹ́bàá iná. N kò mọ̀ pé bí ìjókòó bá yẹ̀, ibi tí oòrùn ń gbà yọ náà á yẹ̀ lójú ẹni.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ń kọ́lé, ó sì fẹ́ fi òkúta wọ̀nyí ṣe ìpìlẹ̀. Ìyá ti sọ fún un pé, "Ọjọ́ tí mo bá ṣi ọjọ́ pè, kó o hú wọn."

Ìyá kéde pé ọjọ́ ti pé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, agbo ilé pé jọ pẹ̀lú iṣu sísè, bí àṣà wa. Ìyá jókòó sórí àpótí rẹ̀ lójú kòtò yẹn, gbogbo wa dúró sẹ́yìn rẹ̀. Oòrùn yọ, ó wà lápá òsì òkúta méjèèjì. A ń gbọ́ bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ èèpo iṣu.

"Ìyá, kò débẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi wí. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìyá kọjú sí mi. "Níbo lo jókòó sí lánàá, ọmọ mi?"

"Ibi tẹ́ ẹ máa ń jókòó sí ni."

Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti bọ́.

"A jẹ́ pé èmi ni mi ò kọ́ ọ dáadáa," ni Ìyá wí. "Ẹ hú wọn."

Ó kú kí ọyẹ́ mìíràn tó dé. Ó ṣì ń dùn mí pé ó gbà pé òun ni kò mọ ọmọ kọ́.

Savalou ni mo ti ń ṣe tíṣà báyìí. Lọ́dọọdún ni mò ń fi Faransé kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi nípa ọjọ́ tí oòrùn ń padà, pẹ̀lú àwòrán òkúta ńlá ilẹ̀ òkèèrè. Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan béèrè bóyá àwọn baba ńlá tiwa mọ̀ ọ́n.

"Wọ́n mọ̀ ọ́n," ni mo wí.

"Òkúta tiwọn ńkọ́, Mádáàmù?"

Mo sọ fún un pé ó wà lábẹ́ ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi, àti pé irọ́ mi ló gbé e débẹ̀. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ fún.