Ọjọ́ Tí Mo Gba Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu Àgbà

Èmi kì í ṣe onísùúrù. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyá tó bí mi náà sì mọ̀. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní kí n wá darí ìjókòó kan níbi àpéjọ àwọn oníròyìn adúláwọ̀ ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti wádìí mi dáadáa. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé àwàdà ni.

Ẹ̀gbẹ́dá ni wọ́n gbé àpéjọ náà sí lọ́dún yẹn, ní gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sílé mi ní Baruwa. Àlejò wá láti Kùtọnu, láti Àkrà, láti Lomé, títí dé Gáńbíà. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé ṣé Èkó náà nibí, torí ohun tó rí láti Ìyànà Ìpájà kò jọ èyí tó máa ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Mo ní Èkó gan-an nibí jàre, ibi tí àwọn tó ni ín ń sùn sí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, oníròyìn ni ṣá.

Ìjókòó tèmi dá lórí ohun tí ojú oníròyìn ń rí lẹ́nu iṣẹ́. Èèyàn méjì ló máa sọ̀rọ̀. Èkíní ni bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú iṣẹ́ ìwé ìròyìn, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn ti kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Èkejì ni ọmọbìnrin kan láti Ìgàndò, tó ń kọ ìròyìn fún ìwé ìròyìn orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn jàǹdùkú ló gbá a létí níbi tó ti ń ya fídíò ilé tí wọ́n ń wó, etí náà kò sì gbọ́ràn mọ́. Ilé iṣẹ́ tó ń kọ̀wé fún ní àwọn kò gbà á síṣẹ́, ìròyìn lásán ni àwọn ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kó lọ tọ́jú ara rẹ̀.

Ohun tó gbé e dé ibẹ̀ nìyí. Ẹgbẹ́ oníròyìn tó pe àpéjọ náà ti ṣèlérí pé àwọn máa wá dókítà àti lọ́yà fún àwọn oníròyìn tí wọ́n bá ṣe léṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ nínú gbọ̀ngàn nìkan ni akọ̀wé máa kọ sínú ìwé àbájáde àpéjọ, ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n sì máa pa ìwé ọ̀hún dé. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá wọ ibẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. 

Bàbá ló kọ́kọ́ dìde. Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fún un, ó sì fi gbogbo rẹ̀ kí wa. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìgbà tí wọ́n ń fi òjé to lẹ́tà ìwé ìròyìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó dùn, mi ò ní parọ́. Mo kọ ìwé pélébé kan sí i: "Sà, àkókò ń lọ." Ó wọ jígí, ó kà á sókè sínú máìkì. Ó ní, "Òótọ́ ni olùdarí wa sọ. Àkókò ń lọ. Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an nìyẹn." Ló bá bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Mo fi ìwé kejì ránṣẹ́, ó fi nu jígí rẹ̀.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ náà o, orí ọmọ ń wọ́, a sì ń pàtẹ́wọ́.

Ẹ sì wò ó, gbogbo wa tá a wà níbẹ̀, iṣẹ́ wa ni ká máa já lu ọ̀rọ̀ aláṣẹ. Èmi fúnra mi ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu kọmíṣọ́nnà rí lórí afẹ́fẹ́, mo ní kò dáhùn ìbéèrè mi, mo padà sílé, mo sì sùn dáadáa. Ṣùgbọ́n bàbá arúgbó kan ń sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó lè ní ó tó. Télọ̀ ni bàbá tèmi, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Tó bá ń bá àlejò sọ̀rọ̀, ebi lè máa pa wá kú, a ó dúró kó parí. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, mi ò kábàámọ̀ rẹ̀. Àmọ́ mo bi ara mi lórí pèpéle yẹn pé, ọ̀wọ̀ tí à ń bù fún àgbà yìí, lára ta ni a ti ń bù ú? Lára ẹni tó kéré jù ni.

Inú bí mi. Mo mọ ara mi, bí mo bá la ẹnu, ìsọkúsọ ni màá sọ. Mo dìde, mo lọ síwájú bàbá, mo sì kúnlẹ̀, tèmi ti bàtà gogoro, lójú ará Gáná àti ará Tógò.

Bàbá dákẹ́. Ta ni bàbá Yorùbá tí obìnrin máa kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ tó máa ní òun ṣì ń sọ ìtàn?

"Dìde, ọmọ mi," ó ní. "Kí ló dé?"

"Sà, àbúrò mi kan ló ń dúró. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ le, àkókò sì ti lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fún un láyè."

Ó wo ọmọ náà, ó wo aago ara ògiri. Mo rí i pé ojú tì í. "Ẹ ò tiẹ̀ sọ fún mi," ó ní, ó sì lọ jókòó, ti òun ti ìwé méjèèjì tí mo kọ sí i.

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún mi pé mo mọ ìwà hù. Kí n má tàn yín, kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀. Ìbínú ló kúnlẹ̀ yẹn.

Ọmọbìnrin náà gba máìkì. Kí ló kọ́kọ́ ṣe? Òun náà kúnlẹ̀. Ó kí bàbá, ó kí ìgbìmọ̀, ó ń kí àwọn àlejò ní orílẹ̀-èdè orílẹ̀-èdè. Mo di orí mú. Bàbá ló pariwo láti ìjókòó rẹ̀: "Ìwọ ọmọ yìí, o ti kí wa tó. Kí ni wọ́n fi ṣe ẹ́?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ó ní tí wọ́n bá pe òun nínú ilé, ṣe ni òun máa ń yí po ní pálọ̀ láti wá ẹni tó pe òun. Ó ní ní Ìyànà Ìpájà, òun ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ ṣùgbọ́n òun kò mọ apá ibi tó ti ń bọ̀, àfi kí òun di ẹnìkan lọ́wọ́ mú kí òun tó sọdá. Ó ní ẹni tí òun bá ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò gbọ́dọ̀ jókòó sápá ọ̀tún òun, àwọn mìíràn sì ń rò pé ìgbéraga ni. Kò sunkún. Àwọn ògbufọ̀ tó ń yí i sí Faransé rẹ ohùn sílẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn olùṣètò na ọwọ́ sókè láti ẹ̀yìn pé àkókò ti pé. Mo tẹ̀ sọ́dọ̀ ọmọ náà, mo rọra ní, "Àbúrò, ó ti tó o."

Kò gbọ́. Apá òsì rẹ̀ ni mo jókòó sí.

Mi ò tún un sọ. Olùṣètò ẹ̀yìn tún na ọwọ́, bàbá sì mi orí sí i pé rárá. Akọ̀wé ti ṣí ojú ìwé tuntun, ó ń kọ ọ́ lọ.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó dánu dúró. Ó yí gbogbo ara padà, kí etí ọ̀tún lè kọjú sí mi.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Ṣé àkókò mi ò tíì tán?"

"Ó ṣì kù," mo sọ ọ́ sókè kí gbogbo gbọ̀ngàn lè gbọ́. "Ó ṣì kù dáadáa. Máa sọ̀rọ̀."